Ta Ló Bi Jẹ́jẹ́ Léèrè?

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí òtútù ibẹ̀ tí o máa ń ròyìn. Ara èmi le. Eékún ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá dúró ti bẹ́ǹṣì pẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fá pákó, mo sì ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ náà wà dáadáa. Ó ti ga dé èjìká mi.

Ìwé ni mo kọ, n ò pè ọ́ lórí fóònù, o sì mọ ìdí ẹ̀. Ìgbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, n ò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi tí o fi pa fóònù mọ́ mi létí. Èmi tí mo bí ọ! Ó dára. Lẹ́tà kò ṣeé pa mọ́ èèyàn létí. O ó kà á tán.

Ìròyìn ilé-ìwé Jẹ́jẹ́ nìyí. Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tìrẹ lọ, ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbì kan, ó sì ti gbé ètò tuntun dé. Wọn ò fi ọjọ́ orí pín àwọn ọmọ sí kíláàsì mọ́. Ìwé kíkà ni wọ́n fi ń pín wọn. Tíṣà á gbé aago lé tábìlì, ọmọ á kàwé sókè fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ka iye ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Èyí tí ẹnu ẹ̀ bá yá, Yàrá Kìíní. Èyí tó ṣe díẹ̀, Yàrá Kejì. Ìyókù dèrò Yàrá Kẹta. Yàrá Kẹta ni wọ́n fi Jẹ́jẹ́ sí. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré ni òun rí kà kí aago tó dún. O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń há a lọ́fun.

Mo ní kó má dààmú, pé yóò kúrò níbẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n fi ìwé kan rán an sí mi, mo sì ti fọwọ́ sí i, nítorí náà gbogbo ẹ̀ ti wà létòlétò. Mo kàn ní kí o gbọ́ ni.

Kọ̀wé padà. Má sì fi ìbínú kọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Ilé ìfọṣọ, ilé ìwòsàn,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìtọ́jú Jẹ́jẹ́. Mo ti kí yín tán. Ẹ ní kí n má fi ìbínú kọ̀wé, àmọ́ mi ò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tí mo lè fi kọ ọ́.

Ẹ fọwọ́ sí i? Kí lẹ fọwọ́ sí, Bàbá? Ẹ ò tiẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún mi. Mo mọ̀ yín. Ẹ wà nídìí bẹ́ǹṣì, lẹ́búlẹ́bú pákó kún ojú yín, awò ojú yín wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ sì ní, "Mú un wá, níbo ni kí n kọ orúkọ sí?" Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fọwọ́ sí ìwé tèmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n fi yọ mí kúrò ní kíláàsì ìṣirò, tí wọ́n sọ mí sí kíláàsì aṣọ rírán. Ẹ̀yin lè ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Jẹ́jẹ́ kì í ṣe olódo. Akólòlò ni. Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ torí pé ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń bá yín ṣírò iye pákó tí ilẹ̀kùn mẹ́fà máa gbà láìmú bírò dání, òun ni wọ́n kó mọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ!

Mo pe tíṣà rẹ̀. Àárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo dúró sí, mò ń pariwo kó lè gbọ́ mi. Ó ní yàrá tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí tẹ́lẹ̀ ni Yàrá Kẹta. Ó ní "a, b, d" ni wọ́n ń kà níbẹ̀ láàárọ̀. Ó ní ó dun òun náà, pé ọ̀gá kò bi àwọn tíṣà léèrè. Mo ní, "Àwọn òbí ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, gbogbo òbí ló fọwọ́ sí i."

Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun tuntun o. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun síbi iṣẹ́ wa, àwa tá à ń fọṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè wá wò ó. A ní ẹnu ẹ̀ ti ga jù, pé ẹ̀yìn wa á kán. Wọ́n lọ pààrọ̀ ẹ̀. Nítorí aṣọ ìbora lásánlàsàn! Ọmọ èèyàn wá ńkọ́?

Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ wọ bàtà, kẹ́ ẹ lọ sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ gba ìwé yín padà. Tẹ́ ẹ ò bá lọ, èmi fúnra mi máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ torí pé àwọn tó bí mi kọ́ mi ní ìkíni.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni lẹ́tà rẹ tó dé ọwọ́ mi, èyí tí o ti ní bí n ò bá lọ, ìwọ á bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹwàá ni ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè mí! Èyí tí o kọ sí i lórí kọ̀ǹpútà ti dé kí tèmi tó kúrò nílé ìfìwéránṣẹ́. O ò dúró. O ò jẹ́ kí n tilẹ̀ mọ ohun tí à ń jà lé lórí.

Ṣé o fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí? Ọ́fíìsì kékeré ni, fáànù kan ń dún lókè. Ó ní kí n jókòó. Ó wá kà á sókè níwájú akọ̀wé rẹ̀: "Bàbá mi kì í ka ohun tó bá ń fọwọ́ sí. Ẹ má fún un ní ìwé kankan mọ́." Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀wé ni? Ẹ̀ bá ti sọ, à bá kà á fún yín." Èmi! Èmi tí mo kan àga tó jókòó lé! Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Mo dìde, mo jáde, mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀.

Ìtìjú yẹn, ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀nà jíjìn.

O wá hú ọ̀rọ̀ kíláàsì aṣọ rírán jáde. O ò sọ ọ́ rí! O dákẹ́, mo sì rò pé o fẹ́ ẹ ni. Ìyá rẹ ti kú nígbà yẹn, èmi nìkan ni mò ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe, bí mo ṣe ń dá ti ọmọ rẹ ṣe báyìí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí o lọ. Ọdún méje. Ta ló ń jókòó tì í tí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun, tí kì í sì í bá a parí ẹ̀? Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ ni?

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ó sì ń bí mi nínú pé ìwọ ni n ó sọ ọ́ fún. N ò ka ìwé náà. Nígbà tí mo kúrò lọ́fíìsì, mo gba ọ̀dọ̀ télọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà ní Yàrá Kejì lọ, mo ní kó fi tiẹ̀ hàn mí. Ìwé tí wọ́n fi kéde ọjọ́ ìsinmi ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tín-tìn-tín: "Mo ti gbọ́ àlàyé ètò tuntun, mo sì fara mọ́ ọn." Àlàyé wo? Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Télọ̀ ò kà á. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé iwájú ilé wa ò kà á.

N ó padà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé o pàṣẹ fún mi.

Bàbá rẹ tí kò mọ̀wé.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà ò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ mo máa fi hàn án tí mo bá parí. Tí mo bá ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kì í há mi lọ́fun, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ń bínú sí ọ̀gá. Bàbá àgbà ń bínú sí yín. Nítorí mi ni gbogbo ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni Yàrá Kẹta ṣe rí. Àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀. Fèrèsé kan ló ní. Ọmọ kan wà tó máa ń gbé ìwé mọ́ imú kó tó rí i, kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe é, awò ojú ló nílò. Ẹnì kan mọ̀wé kà jù mí lọ, àmọ́ tó bá ti gbúròó aago báyìí, á pa ìwé náà dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó jókòó tì mí máa ń sùn, torí pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí olódo kankan níbẹ̀. Inú bí mi, Màmá. Mo fẹ́ pariwo, àmọ́ ẹ mọ̀ pé kí ariwo tèmi tó jáde, gbogbo èèyàn á ti lọ sílé.

Mo wá ń gbé ìwé àjákọ mi kiri lákòókò ìsinmi. Mò ń bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni ìwọ fẹ́ ká dán wò nílé-ìwé yìí?" Ẹni àkọ́kọ́ ní búrẹ́dì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń sọ òótọ́. Mo lọ bá àwọn Yàrá Kìíní náà. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ní òun kórìíra ètò yẹn, torí pé àbúrò òun wà lọ́dọ̀ wa, kì í bá òun sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Ó ti di ojú ìwé mẹ́rin. Tíṣà rí i. Mo rò pé ó máa gbà á. Ó ní, "Tún un kọ kó mọ́ dáadáa."

Bàbá àgbà ti padà lọ, òun àti télọ̀ àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dí géètì, ó ní kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá dá ọjọ́ ìpàdé. Ọ̀gá dá ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin. Àmọ́ ó ní àwọn òbí nìkan.

Mo bi Bàbá àgbà pé ṣé mo lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń fá pákó, ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé o fẹ́?" Mo ní mo fẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Jẹ́jẹ́.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé, mi ò tún gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin ò kọ̀wé, Jẹ́jẹ́ ò kọ̀wé. Mò ń ká aṣọ ìbora, mò ń tún un ká.

Ohun tí mo kọ nípa yín sí ọ̀gá yẹn ò dáa. Ẹ má bínú. Ohun tí mo kọ nípa òun ní tiẹ̀, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Mo ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mo lọ sí ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí mi níbí, wọ́n ti gba Jẹ́jẹ́ wọlé. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àwọn akólòlò nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìparí oṣù kẹfà ló máa wá bá mi. Ìwé tó wà nínú àpòòwé yìí, ẹ fọwọ́ sí i níbi tí mo fi bírò pupa sàmì sí, kẹ́ ẹ dá a padà kíákíá. Ẹ lè kà á lọ́tẹ̀ yìí.

Kò sídìí láti máa bá obìnrin yẹn fa nǹkan kan mọ́. Ẹ ní kí Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Ìyá Jẹ́jẹ́,

Àná ni ìpàdé. N ó kọ́kọ́ sọ tìyẹn, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé tí o fi ránṣẹ́, bírò yìí á ya bébà.

Òbí tó wá lé ní ọgọ́rin. Àga ò tó, àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Ọ̀gá ń nawọ́ sí àwòrán kan lára ògiri, àwọn ọ̀pá gígùn àti ọ̀pá kúkúrú, ó ní láàárín oṣù mẹ́ta, ìwé kíkà ti gòkè. Télọ̀ ní, "Ta lẹ bi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀?" Ó ní, "Ẹ fọwọ́ sí i." Ilé dà rú! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì gun orí àga. Mo dìde, mo ní ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ọ̀gá ní ọmọdé ò ní ohun tó fẹ́ sọ nínú ìpàdé àwọn àgbà. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Wọ́n ti ń dìde kí ọ̀gá tó ní kí ọmọ náà máa bọ̀.

Ọmọ rẹ dúró síwájú gbogbo wa. Ó la ẹnu. "À... à... à..." Kò jáde. Ó pẹ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá ní, "Ohun tó fẹ́ sọ ni pé..." Mo kígbe mọ́ ọn, "Ẹ má bá a sọ ọ́!" N ò mọ ìgbà tó ti ẹnu mi jáde. A dúró dè é.

"Àwa ò lòdì sí ohun tuntun," ó ní. "Àwa náà ní ohun tuntun tá a fẹ́ ká dán wò. Ẹ ò bi wá ni."

Ó ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Ó lé ní ìdajì wákàtí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kí akólòlò máa kàwé fún tíṣà nìkan, láìsí aago. Kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò ní kíláàsì wọn àtijọ́, kí wọ́n máa wá sí Yàrá Kẹta fún wákàtí kan péré. Kí wọ́n yẹ ojú ọmọ wò kí wọ́n tó ní kò mọ̀wé. Nígbà tó débẹ̀, ọ̀gá ní, "Ojú ta ni?" Ọmọ kan tó ń yọjú láti ìta nawọ́ lójú fèrèsé. Ó ti lo oṣù mẹ́ta lábẹ́ obìnrin yìí. Ọ̀gá jókòó, ó wá bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ la rí gbà. Àwọn yàrá náà ṣì wà títí sáà yìí á fi parí, ìyẹn sì ń gbóná lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n aago ti kúrò, ìṣirò ti padà sí kíláàsì, òbí méjì àti ọmọ méjì á sì máa bá ọ̀gá àtàwọn tíṣà jókòó lóṣooṣù. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yàn. Ọ̀gá ò bẹ̀ mí. Ó kàn fi fìlà mi ránṣẹ́.

A délé, a bá lẹ́tà rẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Inú ọmọ náà ń dùn, ó ní kí òun kà á fún mi. Ó kà á dé "Ọ̀rọ̀ ti parí." Ó ká a padà. Kò kólòlò rárá nígbà tó ní, "Wọn ò bi mí." Ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Kò jẹun.

Ìwọ! Ìwọ tí o fi kíláàsì aṣọ rírán na èmi bàbá rẹ! Kí ni ìyàtọ̀ ìwọ àti obìnrin yẹn? Bírò dúdú ni tiẹ̀, bírò pupa ni tìrẹ. Kì í ṣe pé n ò fẹ́ kó wá. Ọjọ́ tó bá lọ, ilé yìí á tú mọ́ mi lórí, n ó sì gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi awò ojú ka ìwé rẹ láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ibì kankan tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹ̀. N ò fọwọ́ sí i.

Bi í. Lẹ́yìn náà kí o tó bi mí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Jẹ́jẹ́ mi,

Mo kí ọ bí ẹni tí mo ṣẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo fi tèmi ránṣẹ́ ni lẹ́tà rẹ dé. Ká ní ó ti dé ṣáájú, bóyá ǹ bá ṣì ṣe ohun tí mo ṣe náà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ.

Lẹ́tà bàbá mi bí mi nínú débi pé mo fà á ya. Nígbà tó yá, mo kó o jọ lórí tábìlì tá a fi ń ká aṣọ, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo tún un kà.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Yàrá kan ni mò ń gbé, ògiri ilé kejì ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde. Tí o bá dé láti ilé-ìwé, o ò ní bá ẹnikẹ́ni títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ tí mo sọ yẹn wà lóòótọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bi mí pé, "Kí ni ọmọ yín fẹ́ràn láti máa ṣe?" Mo ní yíyàwòrán. Irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ̀, Jẹ́jẹ́. Mo jáde níbẹ̀, inú ara mi bí mi ju bí ti ọ̀gá yín ṣe bí mi lọ, síbẹ̀ mo tún lọ ra àpòòwé.

Mò ń bi ọ́ báyìí. Ṣé o fẹ́ wá bá mi gbé? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó máa dùn mí, mo máa sunkún, màá sì tún máa jẹ́ màmá rẹ. Má kánjú dáhùn.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Inú ṣì ń bí mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ó ti tán.

Mi ò ní í wá lóṣù kẹfà. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn pé mo máa bá a kàwé títí ọdún á fi parí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́. Mo sì wà nínú ìpàdé wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ní ká tètè sọ̀rọ̀, mo ní mi ò lè tètè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbàgbé. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ mo fẹ́ wá nígbà ìsinmi gígùn. Mo fẹ́ rí yàrá yẹn àti olùkọ́ yẹn, kí n sì gbọ́ ariwo àwọn ẹ̀rọ yín. Tí mo bá ti rí i, mo máa sọ fún yín bóyá mo fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Bàbá àgbà ní tó bá jẹ́ ti ìsinmi, òun á fọwọ́ sí i. Ẹ fi ìwé tiẹ̀ ránṣẹ́. A jọ máa kà á.

Mi ò fẹ́ràn yíyàwòrán. Nǹkan wíwọ̀n ni mo fẹ́ràn. Tí Bàbá àgbà bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn fún èèyàn, èmi ló máa ń rán lọ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà. Ẹ tètè sọ fún olùkọ́ yẹn, kó má lọ ra kíréyọ̀nù sílẹ̀ dè mí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ràn láti máa ṣe tẹ́ ẹ ò bá sí níbi iṣẹ́? Mi ò mọ̀. Mo bi Bàbá àgbà, òun náà ò mọ̀.

Jẹ́jẹ́.